Aago Wákàtí Ọkọ̀ Sùúrù

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù karùn-ún

Òní ni wọ́n fòfin de ìlù àti ariwo nílẹ̀ Gá ní Accra, òní náà ni Ìyá Ẹ̀bùn fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Kí n tó sọ àpò irin-iṣẹ́ mi kalẹ̀ ní Chorkor ni Ataa Kwei, bàbá tó ń ṣọ́ ọgbà ọkọ̀, ti bẹ̀rẹ̀: "Sístá Fítà, títí di ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀, mi ò fẹ́ gbóhùn ẹ́ńjìnnì nínú ọgbà mi. Àwọn àgbà ń sinmi." Mo bi í pé báwo lèèyàn ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe láìgbóhùn rẹ̀. Ó ní kí n lo ojú, Ọlọ́run sáà fún mi ní méjì.

Sùúrù ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ náà. Ó funfun rí. Ó ti jókòó sórí táyà àti igi fún ọdún méjì, láti ọjọ́ tí Abọ́dúnrìn, ọkọ Ìyá Ẹ̀bùn, ti gbé e lọ sókun tí ọkọ̀ nìkan padà wá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú, ní ìdí ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta lẹ́yìn, abẹ̀bẹ̀ tó ń ti omi sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà. Iyọ̀ ti jẹ àwo tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ sí. Bí mi ò bá sì mọ irú ẹsẹ̀ tó jẹ́, kò sí nǹkan tí mo lè rà fún un.

Khàlíl àbúrò mi ni yóò máa wà á. Ilé ìgbàlejò kan ní Ada fẹ́ kó máa gbé àlejò lórí odò, Ìyá Ẹ̀bùn sì ní kó mú ọkọ̀ lò, kó má jẹrà síbẹ̀. Gbogbo Chorkor ló ń sọ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló pa Abọ́dúnrìn, pé Alata náà, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, kò mọ èèwọ̀, ó lọ sókun lọ́jọ́ tí òkun ń sinmi tí apẹja kankan kì í lọ. Èmi ò bá òkun jà, ṣùgbọ́n fítà ni mí, ẹ́ńjìnnì ni mò ń tún ṣe. Kí àbúrò mi tó gun ọkọ̀ yìí, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọjọ́ ló pa ọkùnrin yẹn ni àbí irin.

Aago kékeré tó wà níwájú, èyí tó ń ka iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́, wà ní 611.0. Bátìrì ti kú. Mo tú u, mo gbé e wálé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Ọgbà kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo wà nílé ní Nima, mo se kókó, ìyẹn ògì, fún Bàbá, Alhaji Rájí tó kọ́ mi níṣẹ́ fítà. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún àti ohùn rẹ̀, ọwọ́ òsì nìkan ló kù tó fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí, àtàǹpàkò òsì náà ń tẹ irin ibùsùn. Á tẹ̀ ẹ́, á dúró díẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ rí, mi ò kà á sí. Ìgbà tí mo gbé kókó kaná ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí kókó fi jinná ó ti dáwọ́ dúró.

Kòósé, àkàrà tibí, ti di sídì méjì ẹyọ kan, kò sì tóbi ju ojú màlúù lọ.

Ọjọ́rú, 14

Òjò. A ta tapólì sórí ọkọ̀, a ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Mo yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí ẹ́ńjìnnì lè rọrùn láti yí lọ́wọ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì pa àmì sí i níwájú, mo pa òmíràn sí abẹ̀bẹ̀, mo wá ti jíà wọlé. Mo ń fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì, Khàlíl dúró lẹ́yìn, ó ń ka abẹ̀bẹ̀. Èdè Twi ló fi ń kà á. Ọmọ Rájí! Mo ní kó ka ti Yorùbá, ó ní, "Chale, Sístá, tí mo bá kà á ní Yorùbá, mo máa sọnù ní mẹ́fà."

Ẹ́ńjìnnì yí lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, abẹ̀bẹ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. A tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí padà. Mẹ́ta sí méjì nìyẹn. Irú ẹsẹ̀ tó ní jíà mẹ́ta sí méjì kò pọ̀, mo ti ń sún mọ́ orúkọ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ra kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín fún àwa méjèèjì.

Aago wà ní 611.2. Bóyá mo ṣì í kà lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Mo lọ sí Abossey Okai. Mo sọ iye tí mo kà fún ọkùnrin tó ń ta àlòkù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi. Ó wò mí láti orí ìbòrí dé bàtà, ó ní kí n lọ pe ọ̀gá mi wá. Mo ní ọ̀gá mi ni Alhaji Rájí ti Nima. Ó yọ fìlà. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi gbé ẹsẹ̀ àlòkù kan jáde, ìkejì ti Sùúrù gan-an, àwo rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Mo da nọ́ńbà rẹ̀ kọ sí ọwọ́ mi. A ti mọ orúkọ ẹ, ọ̀gbẹ́ni ẹsẹ̀!

Mo da òróró jíà jáde nígbà tí mo dé ọgbà. Ó mọ́, kò sí omi nínú rẹ̀, kò sí èérún irin. Ẹsẹ̀ kọ́ ló pa Abọ́dúnrìn.

Mo so wáyà tó já níwájú, mo fi rọ́bà inú kẹ̀kẹ́ wé ojú ìsopọ̀ náà bí Bàbá ṣe kọ́ mi: kí n wé e lẹ́ẹ̀mẹta, kí n gé etí rẹ̀ ní ìdagun. Khàlíl ní téèpù mà wà láyé yìí. Mo ní téèpù kì í bá iyọ̀ jà kó borí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Ìka Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Mo gbé ọwọ́ mi lé e, ó tẹ ọwọ́ mi náà. Ó dùn mí.

Ọjọ́rú, 21

Mi ò ṣì í kà. Aago wà ní 611.4. Bátìrì òkú náà wà lábẹ́ ibùsùn mi ní Nima, n kò sì tíì ra tuntun. Kò sí iná kankan nínú ọkọ̀ yẹn tó lè ti aago.

Àmì ṣọ́ọ̀kì tí mo fi sókè abẹ̀bẹ̀ ti wá sísàlẹ̀. Ewéko òkun tútù wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ náà. Mo fi ìka kan omi tó ń kán lára rẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Òjò ti rọ̀ láti àná, ṣùgbọ́n òjò kì í ní iyọ̀.

Mo bi Ataa Kwei bóyá ẹnikẹ́ni wọ ọgbà lánàá. Ó ti ń yí ojú kí n tó bèèrè tán. Ó ní, "Èmi fúnra mi kì í wá síbí láàárọ̀ Ìṣẹ́gun mọ́." Mo ní kó sọ bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí Abọ́dúnrìn kú fún mi. Ó ní òun rí Abọ́dúnrìn bó ṣe ń jáde, pé inú rẹ̀ dùn nítorí kò sí ọkọ̀ apẹja kan lójú omi, gbogbo òkun jẹ́ tirẹ̀. Kò lọ jìnnà. Ẹ́ńjìnnì kú, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún jí. "Lẹ́yìn náà ni mo rí ọkọ̀ tó ń yí po lójú kan, kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Láti ìgbà tó kúrò létí omi, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ọjọ́ kẹta ni òkun tó dá a padà. Ìyẹn ni mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò bèèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27

Mo lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pè mí ní olóríkunkun lè pè mí. Mi ò wọ inú ọgbà, mo dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, òjò winniwinni. Kò sí èéfín níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Àwọn ọmọdé pàápàá ń rọra sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé Accra lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Òórùn pẹtiróòlù tó jó ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà, láti apá òkun, ẹnì kan pè: "Alhaji! Alhaji o!" Ohùn ọkùnrin, Yorùbá geere, ó ń fa ìparí rẹ̀ bí Abọ́dúnrìn ṣe máa ń fà á nígbà tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Nima, tó fẹ́ kí Bàbá wá wo ọkọ̀ òun.

Ẹnu mi ti là láti dáhùn fún Bàbá, bí mo ṣe máa ń ṣe nílé. Mo fi eyín tẹ ètè mi. A kì í jẹ́ ìpè tí a ò rí ẹni tó pè é. Ó tún pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá dákẹ́.

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mi ò dúró de ọkọ̀ tírótírò, mo fẹsẹ̀ rìn títí mo fi dé Korle Bu.

Ọjọ́rú, 28

611.6.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kẹfà

Omi wọ ọjà Odawna lálẹ́ àná. Mo lọ bá Ìyá Ẹ̀bùn gbé bọ́ńdù aṣọ sórí tábìlì. Adùnọlá lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè là á mọ́ ọn lórí bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bí Alhaji ṣe ń ṣe, ó ní kí n má gbàgbé láti bá òun kí i, pé lọ́jọ́ kẹjọ òkú ọkọ òun, kò sẹ́ni tó sunkún tó Alhaji.

Mo ní ó máa rí omi gbọ́n fún ọjọ́ méjì tó ń bọ̀ kó tó lè tajà. Ó ní, "Ọ̀la nìkan ni, Raqeebah. Mi ò kí ń ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Láti ọdún méjì. Mi ò fẹ́ fojú kan ọjọ́ yẹn. Bí mo bá lè sùn mọ́jú Ọjọ́rú, ǹ bá sùn." Ó ń fún omi lára aṣọ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Mi ò jáde. Mo jókòó ti Bàbá, mo gbé fóònù lé itan. Nígbà tí àtàǹpàkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìṣẹ́jú méjìlá, kò lé, kò dín. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sì wò mí.

Ìgbà tí mo ń fọ àwo ló tó yé mi. Ìdá méjì nínú mẹ́wàá wákàtí ni aago yẹn ń fi kún ara rẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú méjìlá nìyẹn. Mo fi àwo sílẹ̀ sínú ọṣẹ.

Ọjọ́rú, 4

611.8.

Mo ṣí pákó ìdí ọkọ̀, ìyẹn èyí tí mi ò ṣí rí nítorí mo rò pé páìpù omi nìkan ló wà níbẹ̀. Bọ́tìnì kan ni mo bá, dúdú, bí èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́nu géètì. Wáyà méjì jáde lára rẹ̀, wọ́n lọ tààrà síbi tó ń jí ẹ́ńjìnnì. Wọn ò gba ara swíìṣì kékeré tó wà nídìí jíà kọjá rárá. Swíìṣì yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jí bí jíà kò bá sí ní fírì. Ó ti bàjẹ́, ẹnì kan sì ti fi bọ́tìnì yìí rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé jíà síwájú tó wá tẹ bọ́tìnì, ọkọ̀ á fò lábẹ́ rẹ̀. Ibi téèyàn sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó tó lè tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun ìdìmú níbẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì kú, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún jí.

Rọ́bà inú kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi wé ojú ìsopọ̀ wáyà náà. Wọ́n wé e lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gé etí rẹ̀ ní ìdagun.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ náà, mo sunkún bí ọmọdé. Bàbá mi. Oṣù kan péré lẹ́yìn ìsìnkú ni àrùn yẹn mú un, ó ní oṣù kan gbáko tó fi lè sọ̀rọ̀, ó jẹ́ kí wọ́n máa di ẹ̀bi ru ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gé wáyà náà, mo yọ bọ́tìnì, mo fi swíìṣì tuntun sí ìdí jíà. Iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun tó lè gba ẹ̀mí èèyàn là, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú!

Jímọ̀, 6

Iléyá. Ẹran wà, mi ò lè jẹ ẹ́.

Mo fi bọ́tìnì han Khàlíl lẹ́yìn ìrun. Ó gbà á, ó wò ó, ó dá a padà fún mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sístá, ẹ ti yọ ọ́ o. Ó tán nìyẹn. Ẹni tó kú ti kú. Tí a bá sọ fún Ìyá Ẹ̀bùn, á gba ọkọ̀ ẹ̀, iṣẹ́ Ada á wọmi, àdúgbò á máa fi ìka sí Daddy lójú." Ó fi kún un pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ òun fẹ́ yọ́ gbé ọkọ̀ sómi dán wò, nítorí kò ní sí ọkọ̀ apẹja lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ Abọ́dúnrìn gan-an ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo gbá a létí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, níwájú àwọn tó wá jẹun ọdún. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ ṣá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Mo fi bọ́tìnì sí àtẹ́lẹwọ́ òsì Bàbá. Kò wò ó. Ó ti mọ̀ ọ́n kó tó kan ọwọ́ rẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀ sínú irùngbọ̀n, mi ò nù ún.

Mo rántí pé mo fún un ní bírò lọ́dún tó kọjá, ó jù ú sílẹ̀. Mo rò nígbà náà pé ọwọ́ òsì ni kò mọ ìwé kọ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń bá a ru ti Bàbá yìí, ó sì wúwo. Mo fẹ́ gba bọ́tìnì náà padà, ó di ọwọ́ mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Ìka rẹ̀ kò tẹ irin lónìí. Bọ́tìnì ló ń tẹ̀, lábẹ́ aṣọ ìbora. Mò ń gbọ́ ọ: kọ́, kọ́, kọ́. Ìṣẹ́jú méjìlá.

Ọjọ́rú, 11

Mo ti dé ọgbà ní aago méje àárọ̀. 612.0. Mo ti gé wáyà, mo ti fi swíìṣì tuntun síbẹ̀, aago sì rìn síbẹ̀síbẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀, ó sì yé mi pé mi ò ní irin kankan tí mo lè tún ṣe mọ́. Ohun tó kù láti tún ṣe kò sí nínú ọkọ̀. Mi ò sì lè jẹ́ kí Khàlíl gun nǹkan tó ń ké pe bàbá wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo padà sí Nima, mo wọ aṣọ fún Bàbá, mo gba takisí. Khàlíl kọ́kọ́ ní òun ò lọ, ó wá bá wa gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní Odawna.

Inú Ìyá Ẹ̀bùn dùn nígbà tó rí wa. Ó fa àga, ó ń wá omi tútù. Mo ní kó jọ̀wọ́ kó jókòó, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bọ́tìnì, wáyà, rọ́bà inú kẹ̀kẹ́. Mi ò fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bo ìkankan mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo sọ tán, Bàbá na ọwọ́ òsì, ó là á. Bọ́tìnì náà ti tẹ àmì róbótó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùn mú un.

Bàbá fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú apá kan? Ó ṣubú kúrò lórí àga sáàárín bọ́ńdù aṣọ, ojú rẹ̀ kanlẹ̀. Khàlíl sún láti gbé e, Ìyá Ẹ̀bùn ní, "Fi í sílẹ̀."

Ó fi í síbẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùn ń yí bọ́tìnì náà lọ́wọ́. Ó ní, "Alhaji, ẹ wá sílé mi lọ́jọ́ kẹjọ. Ẹ jókòó sórí àga ọkọ mi. Mo bu oúnjẹ fún yín, ẹ jẹ ẹ́." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ọdún méjì ni mo fi ń bínú sí ọjọ́. Ọjọ́! Mo ń bú Ìṣẹ́gun, Ìṣẹ́gun ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀."

Oníbàárà kan yọjú, ó tún lọ. Ìyá Ẹ̀bùn wá ní, "Ẹ gbé bàbá dìde. Ẹ̀bùn ń ti iléèwé bọ̀, mi ò fẹ́ kó bá àgbàlagbà nílẹ̀." Mo ní màá dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà. Ó wo Khàlíl, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ṣé o ti mọ ohun tó pa á báyìí?" Khàlíl ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Nígbà náà, máa wà á. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kó wà á." Kò fún wa ní bọ́tìnì padà.

Ọjọ́bọ̀, 12

Wọ́n tú òfin ariwo. Gbogbo Chorkor ń lu nǹkan tọ́wọ́ wọn bá tó, Ataa Kwei pàápàá ń lu ike. Mo gbé bátìrì tuntun sínú Sùúrù, mo so páìpù omi mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má gbóná, mo ti jíà wọlé, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kò dáhùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Mo fà á sí fírì, ó jí lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń wúkọ́ díẹ̀. Mo yí táímìn síwájú díẹ̀, mo dín afẹ́fẹ́ kàbúrẹ́tọ̀, ó wá ń ké bó ṣe yẹ. Oṣù kan gbáko ni mo fi tún ẹni tí mi ò gbóhùn rẹ̀ rí ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Khàlíl gbé e sómi. Mo bá a lọ. Èébì gbé mi, ọkọ̀ kò ṣe nǹkankan.

Ọjọ́ Ajé, 16

Wọ́n á gbé e lọ sí Ada lọ́jọ́bọ̀. Aago 613.1, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo pe Khàlíl kó bá mi kà á. Mo nu abẹ̀bẹ̀ gbẹ, mo fi ṣọ́ọ̀kì pa àmì sókè rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Mo gbé kókó kaná, mo lọ jókòó ti Bàbá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí ìbora. Mo ń wo àtàǹpàkò náà, ó wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ń sùn bíi ti ẹni tó ni ín. Mo wò ó títí kókó fi jóná.

Ọjọ́rú, 18

613.1. Abẹ̀bẹ̀ gbẹ, àmì wà lókè.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo gba Odawna kọjá. Ọmọbìnrin tó ń ta bọ́tìnì aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Ìyá Ẹ̀bùn ló sọ fún mi pé ìyá náà ṣí ìsọ̀ lánàá.